Ara Tí Ọlọ́run Mọ



Láìpẹ́ yìí ni a wà ní àgbàlá ìyá kan nígbà tí ó ń wẹ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 3. Kànrìnkàn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọṣẹ dúdú ń bẹ nínú igbá. Ọmọ fọwọ́ kan etí, ó ní, "Ìyá, kí rè é?" Ìyá ní, "Etí ni." Ó fọwọ́ kan imú, ìyá tún dá a lóhùn. Nígbà tí ó wá fọwọ́ kan ibi tí ó fi ń tọ̀, ìyá gbá a lọ́wọ́. "Mú ọwọ́ kúrò ńbẹ̀ jàre, ìdọ̀tí ni!" Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ń wo ara rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan burúkú kan lẹ̀ mọ́ ọn.

A kò dá ìyá yìí lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún òun náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ló sọ pé ìdọ̀tí ni?

Bíbélì kọ́ ló sọ ọ́. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 1, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti dá ènìyàn ní akọ àti abo, ó wo gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì tẹ́ ẹ lọ́rùn pátápátá. Kò yọ ibì kankan sílẹ̀ lára wa pé èyí nìkan ni kò dáa. Orí 2 sọ fún wa pé tọkọtaya àkọ́kọ́ wà ní ìhòhò, ojú kò sì tì wọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ ló mú ìtìjú wá ní orí 3. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe nígbà náà: òun fúnra rẹ̀ ló dá ẹ̀wù awọ fún wọn. Kò bu ẹnu àtẹ́ lu ara tí ó mọ, ó bò ó ni. Ẹni tó ní wúrà kò jẹ́ gbé e sílẹ̀ ní gbangba ọjà. Ṣé wúrà ń rùn ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ funfun tí à ń wọ̀ lọ sílé ìsìn. A kò wọ̀ ọ́ láti fi ẹ̀gbin pamọ́.

Èrò pé ara burú kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 144, ìjọ tó wà ní Róòmù yọ Marcion lẹ́gbẹ́. Ó ń kọ́ni pé Ọlọ́run tó dá ayé yìí kọ́ ni Baba Jésù, àti pé Jésù kò gbé ẹran ara tòótọ́ wọ̀. Ní ọ̀rúndún kẹta, Mani ará Páṣíà tún dé pẹ̀lú tirẹ̀: ó ní ara jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí òkùnkùn fi ìmọ́lẹ̀ sí. Augustine, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n bí ní ọdún 354 ní ibi tí à ń pè ní Algeria lónìí, bá àwọn ọmọlẹ́yìn Mani rìn fún nǹkan bí ọdún 9. Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó kọ̀wé takò wọ́n pé ohun tí Ọlọ́run dá dáa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí àwọn baba ìgbàgbọ́ ti lé jáde ní ojúde, àwa ni a tún ń gbà á wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, níbi ìwẹ̀ ọmọ.

Jésù gbé ara wọ̀. Inú Màríà ló sùn sí. Ó fi itọ́ po amọ̀ sójú afọ́jú, lẹ́yìn àjíǹde ó sì jẹ ẹja níṣojú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí Pọ́ọ̀lù ka iṣẹ́ ti ara nínú Gálátíà orí 5?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: ìkórìíra, owú àti ìjà wà níbẹ̀. Apá ibo lára ni owú ń gbé? Ṣé orúnkún ni? Ọkàn tó kẹ̀yìn sí Ọlọ́run ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí, nítorí òun kan náà ló pe ara ní tẹ́ńpìlì nínú Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 6. Ààwẹ̀ wa pàápàá kì í ṣe ìyà tí à ń fi jẹ ọ̀tá. Aboyún tí ó ń gbààwẹ̀ títí òòyì fi ń kọ́ ọ, a kò rí ibi tí Ọlọ́run ti bèèrè ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ti àwọn ọmọbìnrin wa. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ aláṣọ funfun, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé ìsìn fún ọjọ́ 7. Ìlànà ni, àwọn àgbà ló sì ni àlàyé rẹ̀. A kò wá tú u níhìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ọdún 12 bá bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé torí mo dọ̀tí ni?", kí ni ìyá yóò sọ? Àwa ní kí ó sọ òtítọ́. Lóṣooṣù ni ilé ọmọ ń tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de oyún. Bí oyún kò bá sí, a ká ibùsùn náà, òun ló ń jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Orí irú ibùsùn yẹn ni gbogbo wa ti sùn rí, àti wòlíì, àti olórí ìjọ, àti àwa tí à ń kọ ìwé yìí. Kí ìyá tún ka Máàkù orí 5 fún ọmọ náà: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12 fọwọ́ kan aṣọ Jésù. Jésù kò fa aṣọ rẹ̀ gbà. Ọmọbìnrin ló pè é níwájú gbogbo èrò.

Ohun mìíràn wà tí ó ń bà wá lẹ́rù. Ọmọ tí a kọ́ pé apá kan lára òun jẹ́ ìdọ̀tí, tí kò sì mọ orúkọ ibẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ fún wa bí àgbàlagbà oníwà burúkú bá fọwọ́ kàn án níbẹ̀? A ti fi ọwọ́ ara wa dí i lẹ́nu. Ó sì lè rò pé òun gan-an ni ìdọ̀tí náà, pé ẹ̀bi òun ni. Bàbá tó bá rò pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ láàárín onígbàgbọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ó tún un rò.

(Kí a má tilẹ̀ sọ ti ìpara tí àwọn kan fi ń bó àwọ̀ ọmọ wọn, tí mẹ́kúrì ń bẹ nínú òmíràn, tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

A bá ìyá ọmọ yẹn sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú á ti òun. A ní kí ó gbìyànjú. Nígbà tí a tún yà síbẹ̀, ọmọ wà nínú ọpọ́n, ó tún bèèrè. Ìyá pe orúkọ ibẹ̀ fún un bó ṣe pe ti etí, ó ní, "Ọlọ́run ló fún ọ. Tìrẹ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, pariwo, kí o wá sọ fún mi." Ọmọ ní ó dáa. Ó wá fi ìka kan ìdodo rẹ̀, ó ní, "Èyí ń kọ́?"