Ẹni Tó Dákẹ́ Lórí Àléébù Ọjà, Ṣé Kò Purọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí ẹni tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣe? Ṣé kí ó sọ òótọ́ kí ọkọ̀ náà kùtà ni, àbí kí ó dákẹ́ kí ó gba owó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdákẹ́ kì í ṣe irọ́. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó mọ àléébù tí kò hàn sójú, tí ó sì fi pamọ́ nítorí èrè, kò yàtọ̀ sí òpùrọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tí mò ń gbé. Láti èbúté Àpápá ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń wọlé. Ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò sì jìnnà sí wa. Ìwọ̀nba ènìyàn ló lè ra ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ wa ni à ń pè ní ọkọ̀ tuntun. Ẹni tó ń rà á lè rí ọ̀dà àti táyà, ṣùgbọ́n kò lè rí inú ẹ́ńjìnnì.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wọn, màmá mi fi owó àjọ tí wọ́n kó kún un, wọ́n sì ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ wò ó. Ojú ọ̀nà dá, ọkọ̀ náà sì ń sáré bí ẹṣin. Ní ọjọ́ kẹta, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì, ó gbóná kọjá ààlà, èéfín funfun sì ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì yẹ ọ́ìlì wò, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì ti rí bíi tíì onímílíìkì. Ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, ẹnìkan sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ibẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Bàbá mi pe ẹni tí ó ta ọkọ̀ náà. Èsì rẹ̀ ni pé, “Bàbá, ẹ ò bi mí léèrè nígbà tí ẹ ń rà á.”

Èsì yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Olùtajà kì í ṣe alágbàtọ́ olùrajà, kò sì sí ẹni tí ń kígbe pé ọjà òun kò dára. Àríyànjiyàn àtayébáyé ni. Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero, ará Róòmù, kọ ìwé nípa ojúṣe ènìyàn. Ó sọ ìtàn ẹni tí ó fẹ́ ta ilé tí ejò ń yọ nínú yàrá rẹ̀, tí òun nìkan sì mọ̀. Ọ̀mọ̀ràn kan, Diogenes, ní ohun tí òfin bá ní kí olùtajà sọ nìkan ló yẹ kí ó sọ. Antipater ní dandan ni kí ó sọ gbogbo rẹ̀. Cicero gbè lẹ́yìn Antipater, ó ní ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn dákẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó fi nǹkan pamọ́.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Alátà tí kò sọ fún ọ pé ata ọlọ́jà kejì pọ̀ ju tòun lọ, ó dákẹ́ ni. Èyí tí ó kó ata jíjẹrà sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, tí ó to èyí tó dára sókè, ti fi nǹkan pamọ́. Ẹni tí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ ti purọ́ kí ẹnu rẹ̀ tó dákẹ́. Bó bá sì jẹ́ bíréèkì ni ó fi pamọ́, ẹ̀mí ló fi ṣòwò.

Ìfipamọ́ yìí ń ba ọjà jẹ́ fún olóòótọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 1970, George Akerlof, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọjà àlòkù ọkọ̀. Ó ní bí olùtajà nìkan bá mọ àléébù, olùrajà yóò máa fura sí gbogbo ọkọ̀, kò ní fẹ́ san owó gidi. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára yóò gbé e kúrò lọ́jà, èyí tí kò dára ni yóò pọ̀ níbẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2001.

Òfin ilẹ̀ wa tí wọ́n fi dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún olùrajà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára. Ṣùgbọ́n kí ni òfin fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò gba rìsíìtì, tí olùtajà sì ti pa fóònù rẹ̀?

Ibi tí ó le jù kù. Àwọn kan gba bàbá mi nímọ̀ràn pé, “Bí wọ́n ṣe tà á fún yín ni kí ẹ ṣe tà á fún ẹlòmíràn.” Kì í ṣe ojúkòkòrò ni ó mú kí ìmọ̀ràn náà dùn létí, nítorí gbèsè wà nílẹ̀, owó ilé ìwé wa sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn wa kọ́ ló rẹ́ wa jẹ. Bàbá mi kọ gbogbo àléébù ọkọ̀ náà sínú ìwé, wọ́n sì tà á fún ẹni tó fẹ́ tú u tà, kò tó ìdajì owó tí wọ́n rà á. Títí di òní, wọ́n ń san gbèsè náà, bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń wọ̀ ní Ìyànà Ìsọlọ̀.

Òtítọ́ kùtà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà ni òwe náà ń sọ, kò pàṣẹ pé kí a máa ta èké. Nítorí náà, mo rọ olùtajà kí ó kọ àléébù tí ó bá mọ̀ sínú rìsíìtì. Mo rọ olùrajà kí ó mú mẹkáníìkì dání, kí ó sì béèrè ìbéèrè. Bí irọ́ bá ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹnìkan ní láti gbà á kí ó má sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni náà ni yóò pàdánù owó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìrẹ́jẹ náà yóò parí sí.