Ta Ló Ni Ojú Ọ̀nà?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ìjọba wa ní kí gbogbo ẹni tó pàtẹ sẹ́bàá títì ní Kútọnu palẹ̀ mọ́. Ohun tí oníǹkan kò kó, katakata kó o: ìsọ̀, àtíbàbà, àga, agboòrùn. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ti fòfin de ìrun kíkí lójú títì. Ọ̀rọ̀ náà dá iyàn sílẹ̀ láàárín àwa tí à ń ta àǹkárá ní ọjà Missèbo. Àwọn kan ní ìjọba ló ni ọ̀nà. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló ni ín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lé èèyàn níbi tó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Èmi gbọ́ tiwọn tán, mo wòye pé kò sẹ́ni tó dárúkọ àlejò: ẹni tí kò ní ìsọ̀, tí kò láṣẹ, tó kàn ń kọjá lọ.

N kò ní purọ́, ọ̀nà dí nígbà náà. Afọ́jú kò ráyè fọ̀pá tọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Aboyún á bọ́ sáàárín títì, ọlọ́kadà zémidjan á sì máa fun fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọmọ kéú wo ni kò sì mọ̀ pé mímú ohun tó lè pani lára kúrò lọ́nà wà lára ìgbàgbọ́? Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mọ, ẹni tó gbé katakata wá ti ṣe sàráà.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́wà wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa, lọ́nà Saint-Michel. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, búlọ́ọ̀kù ni ẹ̀kẹrin. Kẹ́tùlù méjì ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀wà, ọ̀kan fún omi mímu, ọ̀kan fún àlùwàlá, kì í sì í gbowó lórí èyíkéyìí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ọmọ tó tilé ìwé dé tí kò bá ìyá rẹ̀ nílé, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni yóò ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ojú àlejò là, kò fi í ríran. Ìyá Ẹlẹ́wà lojú àlejò ní kọ̀rọ̀ wa. Wọ́n lé òun náà. Ibẹ̀ wá fẹ̀, ó sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, kò sí òjìji, kò sí ìjókòó. Abèèrè kì í ṣìnà, bó bá rí ẹni bi ni o.

Ohun tó ń dínà gan-an náà ló ń gbàlejò. Báwo la ṣe fẹ́ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Hádíìsì kan wà tí Bukhari àti Muslim gbà láti ẹnu Abu Sa'id al-Khudri. Ànábì kọ́kọ́ kìlọ̀ fáwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n yé jókòó sójú ọ̀nà. Wọ́n fèsì pé kò sí bí àwọn ṣe lè ṣe é, ibẹ̀ làwọn ti ń sọ̀rọ̀ ara wọn. Kò bínú, kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ tú wọn ká. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n san ẹ̀tọ́ ọ̀nà. Wọ́n bi í pé kí ni ẹ̀tọ́ náà. Ó kà á fún wọn: kí wọ́n ṣọ́ ojú wọn, kí wọ́n má ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, kí wọ́n máa dáhùn sálámà, kí wọ́n máa pe ara wọn sí rere, kí wọ́n sì máa kọ aburú. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ó gbọ́ tẹnu wọn kó tó parí òfin. Èèwọ̀ ló kọ́kọ́ kà. Nígbà tó rí i pé èèyàn kò lè ṣaláì jókòó pọ̀, ó sọ ọ́ di májẹ̀mu.

Ìjọba tó lé Ìyá Ẹlẹ́wà kan náà ti kọ́ ibi ìgbafẹ́ fún wa. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2022, wọ́n ṣí ère Amazone, obìnrin jagunjagun Dàhòmì tó ga ní mítà 30, ní ẹ̀bá Marina. Ọmọ Kétu ni bàbá mi. Ogun Dàhòmì ló fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè tí àwọn baba wa gbójú lé, kò gbà wọ́n. Síbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń kó àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ síbẹ̀. Fọ̀n, Nàgó, Bàrìbá, gbogbo wa là ń ya fọ́tò lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Ní oríta Étoile Rouge, ìràwọ̀ pupa tí ìjọba Kérékou, ààrẹ wa àtijọ́, gbé kalẹ̀ ṣì wà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pa ẹ̀kọ́ Marx tì láti oṣù Kejìlá 1989. Ohun tí ẹni tó kọ́lé ní lọ́kàn kì í pẹ́ ṣá. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń sọ ibi kan di ti gbogbo ayé, ìdí sì nìyẹn tí ère kò fi lè lé mi.

Ohun tó lè lé mi ni oòrùn, àìsí omi, àti fèrè. Ọgbà kan wà tí n kò ní dárúkọ: bí o bá ti gbẹ́sẹ̀ lé koríko báyìí, olùṣọ́ ti fun fèrè. Ibi tí wọ́n ní ká wá wò, tí a kò gbọdọ̀ jókòó sí, ìdajì ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n san.

Bí mo bá gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ tún àdúgbò kan ṣe ní Kútọnu, n kì í bèèrè iye mítà tí ère rẹ̀ ga. Mo máa ń bèèrè bóyá igi tó ní òjìji wà níbẹ̀, irú ọdán tí àwọn baba wa ń gbìn sójú ọjà. Bóyá omi wà, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní lé obìnrin sẹ́yìn. Mo sì máa ń bèèrè bóyá wọ́n fa ìlà fún ẹlẹ́wà, kó jókòó sínú rẹ̀, kó má sì kọjá rẹ̀, kí afọ́jú lè rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Ẹ̀tọ́ ọ̀nà wà lọ́rùn ìyá tó ń tajà, ó sì wà lọ́rùn mínísítà. Bí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò kò bá ríbi jókòó sí láago kan ọ̀sán láàárín ìlú wa, gbèsè ṣì wà nílẹ̀, bí títì náà tilẹ̀ ń dán.