Ta Ló Mutí, Orí àbí Ọwọ́?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan wá bá mi n'Ìsọlọ̀ níbí. Páráàgà ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi bẹ̀rẹ̀ ní gáréèjì, ó bọ́ sórí igbó, ó tún bọ́ sórí tramadol. Ó ti ta fóònù ìyá ẹ̀, ó ti ta jẹnẹrétọ̀. Mi ò tíì gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ tí ìyá náà fi bi mí pé: “Bàbá, ṣé orí tó yàn wá sáyé nìyí?”

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Tó bá jẹ́ orí, a jẹ́ pé kò sí nǹkan tá a lè ṣe sí i. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀, a jẹ́ pé ká jù ú sílẹ̀ kó máa jìyà ẹ̀. Èmi ò gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo Ọbàtálá. Olódùmarè gbé iṣẹ́ dídá ilé ayé lé e lọ́wọ́. Orí wo ló tún dára jùyẹn lọ? Síbẹ̀, ó mẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba àpò ìwà, ó lọ ṣe iṣẹ́ náà n'Ífẹ̀. Orí rere ò ní kí ẹmu má pa èèyàn. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà níbẹ̀ tá a kì í sábà sọ. Àkọ́kọ́, Olódùmarè ò jù ú nù. Iṣẹ́ mímọ èèyàn ló tún gbé fún un. Ìkejì, nígbà tí ẹmu di eewọ̀, kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n dá a dá. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ń pa á mọ́ títí dòní.

Ọwọ́ ló gbé ife, òótọ́ ni, àmọ́ ọwọ́ ẹnì kan kọ́. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì: kó tó di 1914, owó bodè orí ọtí òyìnbó wà lára owó tó tóbi jù tí ìjọba amúnisìn ń pa ní Gúúsù Nàìjíríà. Ìwádìí ọdún 2018 sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, Èkó ló sì ga jù. Wọn ò ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn o. Ẹnì kan ló ń ṣe é, ẹnì kan ló ń tà á.

Àwa onísẹ̀ṣe náà ńkọ́? Ọtí díẹ̀ tá a ta sílẹ̀ fún òrìṣà ò ní ká máa to páálí bíà jọ níbi ìsọmọlórúkọ, ká wá máa bi Ifá léèrè lógún ọdún sí i pé kí ló ṣe ọmọ náà.

Mo dífá fún ìyá náà, a rúbọ. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ẹbọ ò rọ́pò dókítà. Ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́, tó bá já a lójijì, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀ nílé. Mo darí wọn sí Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Níbẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1950, Dókítà Lambo jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan ẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ọgbọ́n eewọ̀ Ọbàtálá náà ni: ẹnì kan kì í dá a gbé.

Mo wá béèrè ẹni tó tún ń mutí nínú ilé. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá ọmọ náà ni, lálaalẹ́. Mo ní eewọ̀ yìí ti di ti gbogbo ilé, ọkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní òun máa sọ fún un.

Mi ò tíì gbọ́ èsì. Orí á gbè wá o.