Ẹ̀sọ̀ Kì í Ṣe Ìlọ́ra: Bí A Ti Ń Kọ́ Dọ́fùtéèlì Àfọwọ́gé

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ohun tí òwe yìí ń sọ kò ju pé kéèyàn rọra máa ṣe lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó lọ́ra jù ni ì bá mọ iṣẹ́ jù. Dọ́fùtéèlì, ìyẹn ọ̀nà tí káfíńtà ń gbà so pákó méjì pọ̀ ní igun àpótí láìkan ìṣó, jẹ́ ká rí i pé ẹ̀sọ̀ àti ìlọ́ra kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹ̀sọ̀ ni kéèyàn mọ ibi tí iṣẹ́ ti gba ìṣọ́ra àti ibi tí kò ti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ dọ́fùtéèlì bó ṣe yẹ, ìyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ́.

Bí ó ṣe rí nìyí: a ó gé etí pákó kan sí ìrù tó fẹ̀ lẹ́nu, tó sì tín-ín-rín nídìí, a ó gé etí pákó kejì sí ìka tí yóò wọ àárín àwọn ìrù náà. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, pákó ẹ̀gbẹ́ ni ìrù máa ń wà, pákó ojú ni ìka ń wà, kó lè jẹ́ pé bí a ti ń fà á lójoojúmọ́, ńṣe ni ìrù ń dì í mú. Gọ́ọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ di ojú ibi tí a ti gé igi ní ìbú mú, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀gbẹ́ ìrù ti kan ẹ̀gbẹ́ ìka, iṣan igi ló pàdé iṣan igi, ibẹ̀ sì ni gọ́ọ̀mù ti lágbára jù. Igi tún máa ń wú lásìkò òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Níwọ̀n bí iṣan pákó méjèèjì ti yí àpótí ká bákan náà, wọ́n á jọ wú, wọ́n á jọ sún kì, nígbà tí ìṣó yóò máa tú díẹ̀díẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń lò ó lára àpótí tí wọ́n ń gbé sínú ibojì.

Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ọmọ iṣẹ́ ni bí ìrù yóò ṣe dà gẹ́rẹ́ tó. Àṣà ni pé kí igi rírọ̀ dà ní ìwọ̀n 1 sí 6, kí igi líle bí ìrókò dà ní 1 sí 8. Bó bá dà jù bẹ́ẹ̀ lọ, igun ẹnu ìrù á tín-ín-rín, á sì máa ya. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, tí ìrù kan dà ju èkejì lọ, kò ba nǹkan kan jẹ́. A kì í fi ìwọ̀n gé ìka. Pákó ìrù tí a ti gé la ó gbé lé orí pákó kejì, a ó fi ọ̀bẹ tẹ̀lé etí rẹ̀ fa ìlà. Bí ìrù bá ṣe rí ni ìka náà yóò ṣe rí. Ibi tí kò gba àṣìṣe ni bí ayùn ṣe la pákó kọjá: ó gbọ́dọ̀ gún régé láti ojú dé ẹ̀yìn. Bó bá wọ́, ìrù á fẹ̀ lójú kan ju èkejì lọ, ìlà tí a fà lára rẹ̀ á sì purọ́ fún ojú kejì. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ayùn tó kan igi rárá ni a ti ń fági kí pákó lè tẹ́jú, tí a ń fi sìkúwéà yẹ etí rẹ̀ wò, tí a sì ń pọ́n irin.

Ibi kejì tó fẹ́ ìṣọ́ra ni ìlà ìdí, ìyẹn ìlà tí gígé ìrù àti ìka kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ọmọ iṣẹ́ máa ń gbé ẹnu ṣísẹ́lì lé ìlà gan-an, á sì gbá a ní òòlù. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ṣísẹ́lì ló dà gẹ́rẹ́. Bó ti ń wọlé, igi tó wà níwájú á máa tì í sẹ́yìn, kí a tó ṣẹ́jú, irin ti kọjá ìlà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi bíi mílímítà kan sílẹ̀ níwájú ìlà, á fi òòlù gbẹ́ igi tó wà láàárín ìrù dé ìdajì, á yí pákó padà, á gbẹ́ ti ẹ̀yìn, kí igi má baà ya níbi tí irin á ti yọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá fi ọwọ́ lásán ti ṣísẹ́lì mímú gba orí ìlà. Ti àárín gba agbára. Ìlà ló fẹ́ ẹ̀sọ̀.

Ẹnì kan lè ní àwọn ọ̀gá fúnra wọn kò fẹnu kò lórí èyí tí a ó kọ́kọ́ gé. Òótọ́ ni. Paul Sellers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ni pé kí a kọ́kọ́ gé ìrù. Frank Klausz, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ìka ló ń kọ́kọ́ gé, ojú lásán ló fi ń pín àlàfo wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá gan-an. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti pàdé: èyí tí a kọ́kọ́ gé ló ń fa ìlà fún èkejì, inú igi tí a máa gbé sọnù ni ayùn sì ń gbà. Yíyá ọwọ́ Klausz gan-an ni ẹ̀rí pé ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ìlọ́ra.

Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rọ ráútà ń ṣe é kíákíá, oníbàárà kò sì ní sanwó àfọwọ́gé. Fún kọ́bọ́ọ̀dù plywood, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀; ìṣó àti gọ́ọ̀mù tó o. Ṣùgbọ́n ọrùn irin ráútà gbọ́dọ̀ ráyè kọjá láàárín ìrù méjì, nítorí náà kò lè ṣe ìka tó tín-ín-rín bí èyí tí ayùn ọwọ́ ń ṣe lára dúrọ́ọ̀ àtijọ́. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi yẹ̀.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Àwọn dọ́fùtéèlì àkọ́kọ́ á lanu. Kí ọmọ iṣẹ́ má fi òòlù fipá mú wọn wọlé, kó má sì tíì po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù láti dí i. Àlàfo nídìí ìrù ń sọ pé ṣísẹ́lì kọjá ìlà. Àlàfo tó hàn lójú kan, tí kò sí lẹ́yìn, ń sọ pé ayùn wọ́. Ọ̀gá tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ń kọ́ṣẹ́, kó má wo ẹwà igun àpótí nìkan. Kó bi í léèrè ohun tó fa àlàfo. Bó bá lè sọ ọ́, kó fún un ní pákó mìíràn, kó sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣe é lọ.