Ṣé Owó Ni Agbára Oògùn?

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ọgbọ́n wà nínú òwe náà, nítorí ẹni tó bá náwó sí ìtọ́jú ara rẹ̀ kì í fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n òwe yìí ti di ohun ìpolówó lẹ́nu àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì láti Oṣòdì dé Ìsọlọ̀. Bí èrò bá ráhùn pé páálí ginseng kan ti wọ́n jù, èsì ti wà nílẹ̀: ohun tó dára ló ń wọ́n. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé iye tí a san lórí oògùn lè jẹ́rìí sí agbára rẹ̀? Bí ẹni tó lò ó bá sì ní ara òun yá, ṣé ó yẹ kí ẹlòmíràn bá a jiyàn?

Ìbéèrè yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wa dáńfò láàárín Oṣòdì àti Ìsọlọ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó padà sílé. Dókítà sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ó sì kọ oògùn tí wọn yóò máa lò lójoojúmọ́. Owó oògùn yẹn ni wọ́n wá fi ń ra ginseng báyìí. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, ara mi ló ń sọ fún mi pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣé ìwọ lò ń gbé inú rẹ̀ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ginseng ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Gbòǹgbò ewéko kan ni, tí àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà ti ń lò láti ayébáyé. Ó máa ń tó ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó hú u, ìdí kan nìyẹn tó fi wọ́n. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, Panax, wá láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní gbogboǹṣe. Ní ọdún 2013, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde lórí ènìyàn 364 tí àárẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ń bá fínra. Wọ́n fún àwọn kan ní ginseng ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àárẹ̀ àwọn tó lo ginseng dín kù ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò wúlò rárá ti sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ni ìwádìí náà wò, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí sì lè máà sí nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York fẹ̀sùn kan ilé ìtajà ńlá mẹ́rin pé ọ̀pọ̀ egbòogi tí wọ́n ń tà kò ní ewéko tí wọ́n dárúkọ nínú. Àwọn onímọ̀ kan bá ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe àyẹ̀wò náà wí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àwòrán gbòǹgbò kì í ṣe gbòǹgbò. Nílé níbí, NAFDAC ní ọ́fíìsì ní Ìsọlọ̀ àti yàrá àyẹ̀wò ní Oṣòdì. Síbẹ̀, nọ́ńbà àjọ náà nìkan kò tó ẹ̀rí pé egbòogi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ sí lára pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò.

Kí ni ká wá sọ sí ara tó yá? Ní ọdún 2008, àwọn oníwádìí kan tẹ ìròyìn jáde lórí ènìyàn 82 ní Boston. Hóró tí kò ní oògùn nínú ni wọ́n fún gbogbo wọn, wọ́n ní oògùn ìrora tuntun ni. Wọ́n sọ fún apá kan pé dọ́là 2.50 ni hóró kan, wọ́n sì sọ fún apá kejì pé wọ́n ti dín in kù sí sẹ́ǹtì 10. Nínú àwọn tó gbọ́ iye ńlá, bí 85 nínú 100 ló ní ìrora àwọn dín kù. Nínú àwọn yòókù, 61 ni. Òwe àgbà jóòótọ́ dé ibì kan, nítorí owó gan-an ń dín ìrora kù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dí mi lẹ́nu. Bí ìgbàgbọ́ bá ń fún ẹni tó ti rẹ̀ lágbára, ta ni mí láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ìrora àti àárẹ̀ jẹ́ ohun tí ara ń mọ̀. Ara lè jẹ́rìí sí i bí wọ́n bá dín kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ara lè le koko lónìí, kí ẹ̀jẹ̀ máa ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nínú ẹjọ́ yẹn, ara kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, kí oògùn dókítà ṣáájú, kí wọ́n sì mú páálí ginseng lọ hàn án, nítorí ginseng lè ta ko oògùn mìíràn, bí irú èyí tí wọ́n fi ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù.

Àwọn kan á ní olówó ló lowó, ohun tó bá wù ú ni kó rà. Mo gbà, bí ó bá jẹ́ pé owó tó ṣẹ́kù ni. Lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, iye oògùn kì í ṣe náírà nìkan, ohun tí a fi sílẹ̀ ká tó lè rà á wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi owó ẹ̀wà àti ẹyin ra agbára, oúnjẹ tó ń fún ara lágbára la tà. Bí a bá sì fi agbára tí a rà kún wákàtí iṣẹ́, oorun tí ara ń bèèrè kò tíì san.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tó ń ta oògùn tó sì mọ èyí jẹ oníbàárà rẹ̀ ní gbólóhùn kan: ohun tí oògùn náà kò lè ṣe. Oògùn tó bá lè fara da gbólóhùn yẹn ló tó fowó rà.