Etí Aṣọ Tí Ó Wà Nínú, Ta Ni Ó Ni Ín?

Ẹ mú aṣọ ilé ìwé ọmọ yín kan, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí a ti rán aṣọ méjì pọ̀. Ẹ óò rí etí aṣọ tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ojú rírán. Bí aránṣọ bá tọ́jú etí náà, yóò tẹ́jú dáadáa. Bí kò bá tọ́jú rẹ̀, ẹ óò rí òwú wẹ́wẹ́ tí ń yọ bí irùngbọ̀n.

Etí inú yìí ni mo fẹ́ kí a jọ ronú lé lórí. Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ṣùgbọ́n ìta aṣọ nìkan ni wọ́n ń kí. Ta ló ń kí inú rẹ̀? Ǹjẹ́ aránṣọ jẹ wá ní gbèsè ohun tí ojú kò rí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí etí aṣọ fi ń tú. Nínú aṣọ tí a hun, òwú kan lọ lóòró, òwú kejì lọ níbùú, ó ń gba orí àti abẹ́ èkíní kọjá. Bí òwú ìbú bá dé etí, á yí padà, á tún wọlé. Ìdí nìyẹn tí etí méjèèjì àǹkárá, níbi tí wọ́n máa ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sí, kì í tú. Ṣùgbọ́n níbi tí àlùmágàjí bá ti gé e, òwú kò ní ibi tí yóò yí sí mọ́. A ń fọ̀ ọ́, a ń fún un, ọmọ ń sáré nínú rẹ̀, òwú á sì máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dé ojú rírán. Nígbà náà ni ẹ̀gbẹ́ aṣọ á là, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà kò tíì gbó.

Àwọn aránṣọ mọ ohun tí a ń ṣe sí i. A lè fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ yí òwú ká etí náà. A lè ṣẹ́ ẹ sínú díẹ̀, kí a fi ẹ̀rọ rán an mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tí ń gé etí, tí ó sì ń fi òwú ká a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò ní irú ẹ̀rọ yìí lè gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní in, kí ó sanwó. Àkókò ni tàbí owó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Aránṣọ lè sọ pé: «Oníbàárà mi ná mi títí. Ìwọ̀n owó tí ó san ni mo ṣe mọ.» Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. A máa ń ná aránṣọ bí ẹni ń ná ata lọ́jà, a sì tún fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ní ọ̀dọ̀ wa, láti Kétu dé Àjàṣẹ́, oníbàárà ló sábà máa ń ra aṣọ fúnra rẹ̀, kí ó tó gbé e fún aránṣọ. Káákí tí ọmọ fi ń lọ sí ilé ìwé, owó ìyá rẹ̀ ni. Ìyá náà lè bẹ aránṣọ pé kí ó fi aṣọ sílẹ̀ nínú, ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ìsàlẹ̀, nítorí ọmọ ń dàgbà. Ní ọdún tí ń bọ̀, wọn óò tú ojú rírán, wọn óò tún un rán kí ó lè fẹ̀. Nítorí náà, etí inú kì í ṣe àjẹkù. Aṣọ ọdún tí ń bọ̀ ni. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀, tí òwú sì ti yọ lára rẹ̀ títí ó fi ku ìdajì, kí ni wọn óò fi fẹ aṣọ náà?

Ní tèmi, aránṣọ tí ó fi etí yìí sílẹ̀ láìtọ́jú, tí kò sì sọ ọ́, ohun olóhun ni ó ná. Kò burú bí ó bá ní owó kò tó. Dídákẹ́ ló burú. Ó lè sọ pé: «Ìyá, owó yìí kò kan etí inú o. Ṣé ẹ óò fi díẹ̀ kún un, tàbí ẹ óò fi abẹ́rẹ́ yí i ká fúnra yín nílé?» Ìyá lè bínú, kí ó gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ewu yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ aránṣọ lẹ́nu mọ́, n kò sì fojú kékeré wò ó.

Gbogbo etí kọ́ ló ń fẹ́ ìtọ́jú. Aṣọ tí ń fà, irú èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀, kì í sábà tú. Ẹni tí ó bá dẹ́rù bà yín pé yóò tú, tí ó sì gba owó lé e lórí, ó rẹ́ yín jẹ ni.

Ti ọmọ-iṣẹ́ ló le jù. Ọ̀gá ní kí ó fi etí sílẹ̀, kí ó mú aṣọ mìíràn. Kò lè bá ọ̀gá jiyàn, nítorí ọ̀gá ni yóò dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kọ́ṣẹ́ tán. Mo rò pé ó lè fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá oníbàárà ti gbọ́. Bí ọ̀gá bá ní kò kàn án, kí ó ṣe ohun tí a rán an. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìyá ọmọ bá yí aṣọ náà padà níwájú rẹ̀, tí ó bi í pé: «Ṣé bí ó ṣe yẹ kí inú rẹ̀ rí nìyí?», kí ó má ṣe dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.