Ìríjú àti Ọ̀pọ̀lọ́

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa: Ǹjẹ́ ènìyàn lè jẹ̀bi ìparun ohun tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà? Ó rọrùn láti dáhùn pé rárá, nítorí àìmọ̀ kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀dá tí a kò kà sí, yẹ ọ̀ràn náà wò.

Àwọn bàbá wa kò da àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí pọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni èyí tí awọ rẹ̀ gbẹ, tí ó rí ṣákiṣàki, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú. Àkèré ni èyí tí ara rẹ̀ ń yọ̀, tí itan rẹ̀ gùn, tí ó sì ń fò jìnnà. Kọ̀ǹkọ̀ ni èyí tí ó tóbi, tí ń ké nínú omi ní òru, tí a sì ń jẹ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé mọ kìnnìún tí wọn kò rí rí, wọn kò sì mọ àwọn tí ń ké lẹ́yìn ilé wọn.

Lórí àpáta Òkè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé tí a kò tíì rí ní ibòmíràn ní gbogbo ayé. Ní 1963 ni Arne Schiøtz, ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ̀wé nípa rẹ̀, tí ó sì fi orúkọ Perret sọ ọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gbé inú adágún bí ti àwọn ìyókù. Ara àpáta ni wọ́n lẹ̀ mọ́, níbi tí omi fẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí i, títí àwọn olùwádìí fi tún bá a níbẹ̀ ní 2013. Bí ó bá ti parẹ́ láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ta ni nínú wa ìbá mọ̀?

Kì í ṣe Ìdànrè nìkan. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kéde pé, nínú irú ọ̀pọ̀lọ́, àkèré àti àwọn ìbátan wọn tí ó lé ní 8,000 tí wọ́n yẹ̀ wò ní gbogbo ayé, nǹkan bí méjì nínú márùn-ún ni ó wà nínú ewu ìparun.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ebi ń pa ọmọ mi, ẹran sì ni kọ̀ǹkọ̀." Òótọ́ ni, a kò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Òfin Mósè, tí ó fún ni láyè láti kó ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́, kò gbà kí a mú ìyá pẹ̀lú. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé àwọn tí ń kó kọ̀ǹkọ̀ tà ní Nàìjíríà, 32 péré tí a bi léèrè, ń kó ju mílíọ́nù 2 lọ ní ọdún kan. Ó yẹ kí a fi àwọn tí ó lẹ́yin nínú sílẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, èsì ìbéèrè wa nìyí: àìmọ̀ àlejò kò ní ẹ̀bi, ṣùgbọ́n àìmọ̀ ìríjú ní ẹ̀bi. Ẹni tí Ọlọ́run fi ṣe olùtọ́jú ọgbà náà ni Ó kó àwọn ẹ̀dá wá bá, kí ó lè sọ wọ́n ní orúkọ. Ìríjú tí kò ka ohun ìní ọ̀gá rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí ó sọnù?

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí etí odò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fetí sílẹ̀, kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ̀ fún wọn láti máa da iyọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́ lára fún eré. Kí Olúwa fún wa ní ojú láti rí iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀, àní èyí tí ó kéré jùlọ. Àmín.